Títú Fọ́múlà Ìwọ̀n Ìyíká: Wíwá Ẹ̀gbẹ́ tí a kò Wọ̀n

Láti ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní èdè Yorùbá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa bèèrè bóyá a lè fi èdè wa kọ́ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á lò ni ó kù tí à ń jiyàn lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn nìyí: kí ni kí á pe iṣẹ́ tí à ń ṣe nígbà tí a bá ń wá ohun tí a kò mọ̀ nínú fọ́múlà? Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa ní kí ọmọ “gbé e kọjá” sí òdì kejì àmì ìdọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí kò dára tó, nítorí pé kò sí ohun kan tí ó ń kọjá. À ń tú ohun tí a ti so ni. Títú ni a dábàá.

Onígun mẹ́rin gbọọrọ ni àwòrán ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìwọ̀n ìyíká rẹ̀. (A kò lo “àyíká”, nítorí pé ẹrù ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù: agbègbè ni, àdúgbò sì ni.) Kí Y dúró fún ìwọ̀n ìyíká, G fún gígùn, B fún ìbú. A ì bá lo O fún òòró, ṣùgbọ́n ó jọ òdo jù.

Y = 2G + 2B
Y = 2(G + B)

Ọ̀kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bí a ṣe so wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ó bá di ẹrù mọ̀ pé okùn tí a so kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń tú. Nínú ti àkọ́kọ́, 2G ni a fi kún un kẹ́yìn. Òun ni a ó kọ́kọ́ yọ kúrò, kí á tó fi 2 pín èyí tí ó kù:

B = (Y − 2G) ÷ 2

Nínú ti èkejì, ìlọ́po méjì ni a ṣe kẹ́yìn. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ mú ìdajì Y, kí á tó yọ G:

B = Y ÷ 2 − G

Èyí ni àwa fẹ́ràn jù, nítorí pé a lè fi ẹsẹ̀ rìn ín: ẹni tí ó gba etí láti igun kan dé igun tí ó kọjú sí i ti rin ìdajì ìyíká, èyí tí í ṣe gígùn kan àti ìbú kan.

Pápá bọ́ọ̀lù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 105 mítà ní ìyíká 346 mítà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 173; 173 − 105 = 68, ìbú nìyẹn. Ọmọ tí ó “gbé” G kan ṣoṣo kọjá yóò rí 241, yóò pín in sí méjì, yóò sì kọ 120.5: ìbú ti gùn ju gígùn lọ!

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ a máa jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, 50 ní ìbú. Ìyíká rẹ̀ jẹ́ 300. Bí olùtà bá fi okùn yí ilẹ̀ ká, tí 300 náà sì pé, kò tíì sọ ìbú fún olùrà. Bí gígùn láti títì wọ inú bá jẹ́ 120, ìbú di 150 − 120, èyí tí í ṣe 30. Okùn kò purọ́, síbẹ̀ ojú ilẹ̀ ti dín láti 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin sí 3,600. Kí olùrà sì tún ta okùn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí okùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ilẹ̀ náà fì, ojú rẹ̀ sì tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì ní gígùn jẹ́ 150 nígbà tí ìyíká jẹ́ 300, ìbú di òdo: kò sí ilẹ̀ níbẹ̀.