Bí A Ṣe Ń Lo Oògùn HIV Kó Lè Ṣiṣẹ́ Bó Ṣe Yẹ

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn lónìí pé kòkòrò HIV wà lára èèyàn, ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́. Nígbà tí AZT, oògùn àkọ́kọ́, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987, kì í pẹ́ tí kòkòrò náà fi ń borí rẹ̀. Ní 1996 ni ó wá hàn gbangba pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀, ọwọ́ yóò tẹ̀ ẹ́. Irú oògùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ti wà nínú hóró kan ṣoṣo báyìí. TLD lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fúnni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Ohun tó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ni kó mọ̀ ọ́n lò, kó má sì fo ọjọ́ kankan.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe

Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá pọ̀ sí i. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Sẹ́ẹ̀lì tí HIV ń wá ni CD4, ọ̀kan lára àwọn sójà ara. Bó bá wọlé tán, yóò kọ́kọ́ tún àkọsílẹ̀ tó gbé wá kọ, kó lè di DNA bíi ti èèyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò ki DNA yẹn bọ àárín ti onílé. Láti ìgbà yẹn, HIV tuntun ni sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa ṣe jáde.

Tenofovir àti lamivudine, tí wọ́n jẹ́ T àti L nínú TLD, ló ń dí àtúnkọ yẹn lọ́wọ́. Dolutegravir, tó jẹ́ D, ni kì í jẹ́ kó ki ara rẹ̀ bọ DNA wa. Èyí tó bá yọ́ kọjá lọ́wọ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò bá ẹ̀kẹta níwájú.

Ṣùgbọ́n HIV tó ti bọ́ sínú DNA kí oògùn tó dé máa ń fara pamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, oògùn kò sì lè yọ ọ́ níbẹ̀. Bí ẹni ń ro oko ló rí: igbó orí ilẹ̀ lọ, èso rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ọjọ́ tí a bá dáwọ́ ro dúró ni yóò tún hù. Ìdí nìyẹn tí oògùn yìí fi jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ampiclox tàbí ańtíbáyọ́tíìkì mìíràn láti kẹ́míìsì kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, torí bakitéríà ni wọ́n ń bá jà, apá wọn kò ká fáírọ́ọ̀sì.

2. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà

Ọ̀pọ̀ èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò bá jáde gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn bí ẹ bá ń wúkọ́, bí ẹ bá ń làágùn lóru tàbí bí ẹ bá ń rù, torí ó lè jẹ́ ikọ́ ìfe. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ìfe máa ń dín agbára dolutegravir kù. Ẹni tó ń lo méjèèjì ni wọ́n máa ń fún ní dolutegravir 50 mg mìíràn ní wákàtí 12 lẹ́yìn TLD.

Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní àrùn kíndìnrín, bí ẹ bá ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, àti irú àgbo tí ẹ ń mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún hẹpatáítíìsì B pẹ̀lú.

3. Ẹ yan àkókò kan, kí ẹ dúró tì í

Hóró kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni, yálà ẹ ti jẹun tàbí ẹ kò tíì jẹun. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé: àdúrà òwúrọ̀, ìrun àsùbáà tàbí ìròyìn orí rédíò. Bí kì í bá jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn, ẹ gbé e sí òwúrọ̀.

Inú ìgò rẹ̀ ni kí ẹ máa fi sí. Àpò kékeré tí ẹ ó bá níbẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, ẹ má sì sọ ọ́ nù. Òun ló ń fa ọ̀rinrin tó lè ba oògùn jẹ́. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ kí ó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú báàgì, ẹ má dà á sínú ọ̀rá.

4. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn inú àti oògùn ẹ̀jẹ̀

Oògùn inú ríro tó ní magnesium tàbí aluminium máa ń lẹ̀ mọ́ dolutegravir, kò sì ní jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ lo TLD ní wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron, àti calcium, tí wọ́n ń fún aláboyún. Àmọ́ ti àwọn méjì yìí rọrùn: bí aláboyún bá lò wọ́n pọ̀ mọ́ TLD nídìí oúnjẹ, kò séwu.

5. Bí ẹ bá gbàgbé

Ẹ lò ó ní kété tí ẹ bá rántí, àfi bó bá ku wákàtí 4 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ kí àkókò èyí tó kàn pé. Ká ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni tiyín, tí ẹ wá rántí ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ lò ó. Bó bá jẹ́ aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì lẹ rántí, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ dúró de aago mẹ́jọ. Ẹ má lo méjì pa pọ̀ láti fi dí èyí tó fò.

6. Ẹ fiyè sí ara yín

Orí fífọ́, èébì tó ń gbéni àti àlá púpọ̀ lè wà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì sábà máa ń lọ fúnra wọn. Bí ojú bá pọ́n bí omi àtàlẹ̀, bí ara bá sú pẹ̀lú ibà, tàbí bí ojú àti ètè bá wú, ilé ìwòsàn ló yá lọ́jọ́ náà.

7. Ẹ ṣe àyẹ̀wò viral load

Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ iye HIV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6 ni wọ́n ń ṣe àkọ́kọ́, wọ́n á tún ṣe é ní oṣù 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹni tí wọn kò bá rí HIV mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. Aláboyún tó wà ní ipò yẹn kì í sábà kó o ran ọmọ. Ọmọ náà yóò sì gba oògùn olómi tirẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Bí iye náà bá ju 1,000 lọ nínú mílílítà kan, ẹ má sá fún klíníìkì. Wọ́n á bá yín wá ohun tó ń fa ìdíwọ́, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 3.

8. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá

Pé HIV kò hàn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti tán lára. Bí oògùn bá dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń padà. Bí a bá sì ń lò ó lónìí, tí a ń fò ó lọ́la, HIV lè kọ́ bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ní ti ẹni tó ní hẹpatáítíìsì B, tenofovir àti lamivudine ń bá ìyẹn náà jà, nítorí náà dídá wọn dúró lójijì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidigidi. Ẹ má pín oògùn yín fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ sì mú ti ọjọ́ mélòó kan lé sí i. Bó bá ku hóró ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò, ẹ má dúró dìgbà tó bá tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ mú káàdì yín lọ sí klíníìkì láti gba òmíràn.