Oúnjẹ Tútù: Èwo Ni Kí A Jẹ Láìsè, Èwo Ni Kí A Sè?

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí oúnjẹ tútù, èyíinì ni oúnjẹ tí a kò sè, tí a kò sun, tí a kò sì dín kí a tó jẹ ẹ́. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, àgbálùmọ̀, àgbọn àti ọ̀fíò wà lára wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń gba aráyé nímọ̀ràn pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ó dára jù. Ní nǹkan bí ọdún 1900, dókítà Maximilian Bircher-Benner ní Switzerland fi èso àti ewébẹ̀ tútù tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa náà pa iná ààrò wa? Rárá o. Oúnjẹ tútù dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni a lè jẹ ní tútù.

Àǹfààní Rẹ̀

Èso tútù ní fítámìn C, tí ń mú kí egbò tètè jinná, tí ó sì ń dáàbò bo erìgì. Ooru iná a máa ba fítámìn yìí jẹ́. Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a sì da omi rẹ̀ nù, ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tí ó bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí ó sì fi ọsàn kan tẹ̀lé e, ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí fítámìn C ń jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú oúnjẹ náà lò. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, aboyún sì nílò rẹ̀ gidigidi. Èso a tún máa mú kí ìgbẹ́ rọ̀.

Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Iná ni ń pa kòkòrò àìfojúrí. Oúnjẹ tí kò bá kan iná, ìmọ́tótó nìkan ni ààbò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ìwádìí, ohun mímu ọ̀fíò tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ọ̀fíò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá; omi àìmọ́ tàbí ọwọ́ àìmọ́ ni ó lè sọ ọ́ di ewu. Ọ̀nà kan náà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti aràn inú ń gbà wọlé.

Ewu kejì ni májèlé inú oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti agbègbè rẹ̀, kò sí ilé tí a kò ti mọ gàrí. Ẹ kíyè sí i: gàrí tí a fi omi tútù mu kì í ṣe oúnjẹ àìsè, nítorí a ti yan án. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà tí ń di májèlé sáyánáìdì bí a bá gé e tàbí tí a rún un lẹ́nu. Nígbà tí a bá rin ín, tí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án, púpọ̀ nínú májèlé náà ti bá omi àti ooru lọ. Nítorí náà, kíkan tí a fi mọ gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe fún adùn nìkan. Ẹ má ṣe yan án kí ó tó kan dáadáa. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bá yín lọ sóko kí wọ́n má ṣe hú ẹ̀gẹ́ jẹ ní tútù.

Ewùrà tí a fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́ a máa yún ni lọ́fun bí a kò bá sè é. Ẹ̀wà tútù a máa da inú rú. Àwọn kan a sì máa po ẹyin tútù mọ́ wàrà alágolo pé ó ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru; ẹyin tí ó jinná ni ara ń rí lò jù.

Ọmọ Ọwọ́ Ńkọ́?

Ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí di oṣù mẹ́fà. Kò nílò omi èso. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè fọ́ ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kí ẹja, ẹyin sísè tàbí ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ikùn ọmọdé kéré: èso lè kún un kí ara rẹ̀ má sì rí ohun tí yóò fi dàgbà.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

2. Ẹ fọ èso kí ẹ tó bó o, nítorí ọ̀bẹ a máa gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Bí ó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é kí ó hó, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó fi ṣan èso tàbí kí ẹ tó fi mu gàrí.

3. Ẹ má ṣe ra èso gígé tí eṣinṣin ń bà lé.

4. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

5. Ẹ má ṣe sá gàrí sí ẹ̀bá títì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun èlò onídèérí tí eku kò lè wọ̀, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lè kó ibà Lassa ran ni.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po oògùn ORS bí wọ́n ti kọ ọ́ sára àpò rẹ̀, ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ìbéèrè Fún Ìdílé

Kí ni ó ń mú májèlé kúrò nínú ẹ̀gẹ́? Kí ni ìdí tí a fi ń fọ ọsàn tí a óò bó? Níbo ni gàrí ilé yín wà ní báyìí, ṣé ó ní ìdérí?