Bhūt àti Àkúdàáyà: Ẹ̀kọ́ kan láti inú eré adẹ́rùbani Aahat

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ fi èdè Hindi wé Yorùbá tiwa. Àríwá Íńdíà ni a ti ń sọ Hindi jù. Lẹ́tà Devanagari ni àwọn tí ó ni ín fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà Látìn ni a ó lò níhìn-ín, kí kíkà rẹ̀ lè rọrùn. Inú eré tẹlifíṣọ̀n kan tí ń jẹ́ Aahat ni a ti mú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti wo fíìmù Íńdíà tí a fi ohùn Faransé bò mọ́lẹ̀; ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí ló ń sọnù.

Kí a kọ́kọ́ mọ eré náà. Fún ìgbà pípẹ́, Doordarshan, tẹlifíṣọ̀n ìjọba, nìkan ni àwọn ará Íńdíà ń wò. Ní 1992 ni Zee TV dé. Ní 1993, àwọn ọmọ ìyá tí ń jẹ́ Ramsay, tí wọ́n ti ṣe fíìmù adẹ́rùbani bíi Purana Mandir (1984) fún sinimá, gbé The Zee Horror Show wá síbẹ̀. Aahat tẹ̀ lé e ní 1995 lórí tẹlifíṣọ̀n Sony. B. P. Singh ni ó dá a sílẹ̀, ẹni kan náà tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́pàá CID ní 1998. Aahat ń dúró, ó sì tún ń padà wá, títí di apá kẹfà rẹ̀ ní 2015. Ìtàn kọ̀ọ̀kan dá dúró: ilé tuntun, ènìyàn tuntun, ikú tuntun. Kò tilẹ̀ sí Ìjàpá kan tí yóò ti inú àlọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Orúkọ eré náà àti ìbẹ̀rù nìkan ni kì í yí padà.

Kí ni āhaṭ? Kì í ṣe ariwo. Ìró díẹ̀ ni, tí ó ń sọ fún ọ pé ẹnìkan wà nítòsí kí o tó rí i: ẹsẹ̀ tí ó kan ilẹ̀, aṣọ tí ó ha ògiri. Àwọn kan lè ní kí a pè é ní Ìró Ẹsẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ó kéré. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa gbúròó sún mọ́ ọn jù. Gbọ́ àti ìró ló para pọ̀ di gbúròó. A lè gbúròó ẹni tí a kò fojú rí. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a fẹ́ túmọ̀ eré náà, Ìgbúròó ni a ó pè é.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tí ń sọ Hindi mọ̀ fún òkú tí ń yọ sí alààyè ni bhūt. Inú Sanskrit ni ó ti wá, láti ara bhū, tí ó túmọ̀ sí wà tàbí dà. Bhūt ni ohun tí ó ti wà rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn nìyí: ìwé gírámà Hindi ń pe àsìkò tí ó kọjá ní bhūtkāl, nítorí pé kāl ni àsìkò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni iwin àti àná! Àsìkò tí ń bọ̀ wá ń jẹ́ bhaviṣya kāl, láti ara bhū kan náà. A rò pé àwọn ọmọ kíláàsì ti fi èyí rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Faransé ń pe irú òkú bẹ́ẹ̀ ní revenant, ẹni tí ó padà wá. Ìpadàbọ̀ ni Faransé wò, ìgbà ni Hindi wò. Hindi tún ní pret, láti inú Sanskrit, ẹni tí ó ti lọ síwájú. Ó jọ trépassé ti Faransé. Yorùbá ní tirẹ̀ ń wo ibi tí òkú náà ń gbé. Àkúdàáyà kò jókòó sínú ilé àtijọ́ láti dẹ́rù ba ọmọ aráyé. Ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n ni ó lọ, ó ń tajà níbẹ̀, ó ń bímọ níbẹ̀, títí ará ilé rẹ̀ yóò fi ṣàdédé rí i. Ẹ̀rù tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Hindi àti Yorùbá jọ yá. Jinn ti Hindi àti àlùjọ̀nnú tiwa, inú Lárúbáwá ni méjèèjì ti wá. Tiwa gbé al- ti Lárúbáwá dání. Ti ātmā, tí í ṣe ẹ̀mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n ó jọ ìrònú wa: ó bá atmen ti Jámánì tan, èyí tí ó túmọ̀ sí mí. Láti ara mí náà ni a ti rí ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ lórí akọ-n-bábo, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré ti le. Arọ́pò-orúkọ vah ti Hindi kò fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo, gẹ́gẹ́ bí ó ti Yorùbá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń tú àṣírí:

Vah ā rahā hai. Ó ń bọ̀ (ọkùnrin ni).
Vah ā rahī hai. Ó ń bọ̀ (obìnrin ni).

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi iwin pamọ́ títí di òpin ìtàn kò lè sọ pé ó ń bọ̀ láìsọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó ní. Ó lè lo koī, ẹnìkan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe akọ: koī ā rahā hai. Ó sì lè sọ pé kisī kī āhaṭ sunāī dī, a gbúròó ẹnìkan. Abo ni dī tí ó parí gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n āhaṭ ni ó bá mu, kì í ṣe ẹni tí ń rìn. Ọ̀rọ̀ tí a fi sọ eré náà lórúkọ gan-an ni ó ń fi iwin pamọ́. Ní Yorùbá, ó ń bọ̀ ti tó. Bí a bá sì ní wọ́n ń bọ̀, a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá àgbà kan ni tàbí èrò púpọ̀.

Àwọn orúkọ kan wà tí kò ní akọ rárá. Churail ni iwin obìnrin tí ó kú nínú oyún tàbí nígbà ìbímọ. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Ẹni tí ó kú nínú ìrora ni ìtàn sọ di ọ̀tá. Ḍāyan, láti ara ḍākinī ti Sanskrit, le ju èyí lọ, nítorí alààyè ni a ń pè bẹ́ẹ̀, bí àjẹ́ nílé wa. Lórí tẹlifíṣọ̀n eré ni. Ní abúlé, a ti lu àwọn obìnrin, a ti lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, a sì ti pa wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Bihar fi ṣe òfin ní 1999 láti dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n kọ ní Daain, wà nínú àkọlé òfin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ḍāyan sí àjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀ kí ó mọ ohun tí ó gbé dání.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ túmọ̀ mẹ́ta yìí sí ẹ̀ka-èdè ìlú yín, ìbáà ṣe Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ tàbí Ifẹ̀ ti Tógò, kí ẹ sì sọ èyí tí ìyàtọ̀ akọ-n-bábo rẹ̀ sọnù: Kaun hai? (ìbéèrè ta ni). Koī hai? (ìbéèrè bóyá ẹnìkan wà). Vah phir ā rahī hai (phir ni lẹ́ẹ̀kan sí i). Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè bóyá àkúdàáyà ni àwọn náà ń pè é, tàbí orúkọ mìíràn ni wọ́n ní, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.