Ẹyẹ Ìgbà Ìrúwé ní Ìlú Ọba àti Àwọn Tó Ń Ròyìn Wọn

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba fi ń mọ̀ pé òtútù ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, ẹyẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Tó bá wá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ẹnì kan á rí ẹyọ kan tó ń fò yí ká orí omi tàbí pápá, tó ń gbá kòkòrò mú nínú afẹ́fẹ́. Ẹni náà kì í fi ìròyìn náà mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó fẹ́ràn wíwo ẹyẹ ládùúgbò rẹ̀ á ti gbọ́ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ ti dé, wọ́n á gbọ́ ibi tó ti rí i àti iye tó rí.

Ọ̀nà tí ẹyẹ náà gbà wá jìn púpọ̀. Orílẹ̀-èdè South Africa ni ọ̀pọ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ Ìlú Ọba ti ń lo oṣù òtútù, nítorí pé àsìkò ooru ló jẹ́ lọ́hùn-ún nígbà náà. Ní nǹkan bí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, wọ́n á gbéra. Wọ́n á la àárín Áfíríkà kọjá, wọ́n á ré aginjù Sàhárà kọjá, wọ́n á sì gba Mòrókò, Sípéènì àti Faransé wọlé. Gbogbo ìrìn náà tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà, wọ́n sì lè rin 300 kìlómítà lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tó ń rin ìrìn yìí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Oúnjẹ ló ń fà á. Ní àsìkò ooru, kòkòrò pọ̀ ní Yúróòpù, ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú, torí náà ẹyẹ máa ń ráyè wá oúnjẹ fún ọmọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí òtútù bá tún dé tí kòkòrò sì wọ́n, wọ́n á padà sí Áfíríkà.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Láti àárín oṣù Kẹta ni ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chiffchaff ti máa ń kọrin lórí igi. Ohùn méjì péré ló ń pààrọ̀, ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Wheatear náà á dé ní àkókò yẹn, ẹyẹ tí ìdí rẹ̀ funfun báláú, tó fẹ́ràn ibi tí koríko kò ti ga. Lẹ́yìn àárín oṣù Kẹrin ni cuckoo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Swift ló ń gbẹ̀yìn wọn. Ìparí oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ló ń dé, tó bá sì di oṣù Kẹjọ, ó ti ń lọ.

Ojú ọjọ́ ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti gúúsù, ẹyẹ á máa wọlé. Bí òjò àti atẹ́gùn àríwá bá dènà, wọ́n á dúró, tàbí kí àwọn tó ti wà lójú òkun fi àárẹ̀ balẹ̀ sí ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí. Nítorí èyí ni àwọn olùwo-ẹyẹ fi máa ń jí lọ sí etíkun bíi Portland Bill àti Dungeness ní òwúrọ̀ kùtù. Wọ́n dá àwọn ilé kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹyẹ tó ń wọlé gan-an. Ní 1933, Ronald Lockley dá ọ̀kan sílẹ̀ ní erékùṣù Skokholm ní Wales. Ti erékùṣù Fair Isle ní Scotland bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà á jókòó yí tábìlì ká lálẹ́. Ẹnì kan á ṣí ìwé, á máa pe orúkọ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pe alápàńdẹ̀dẹ̀, ẹni tó wà létí òkun láàárọ̀ lè ní òun rí méjìlá, kí ẹni tó wà lẹ́bàá ọgbà ní òun rí mẹ́rin. Wọ́n á wá bi ara wọn ní aago tí kálukú rí tirẹ̀ àti ibi tí àwọn ẹyẹ náà ń kọjú sí, kí wọ́n má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Àṣà kíkọ sílẹ̀ yìí ti pẹ́. Láti 1736 ni Robert Marsham ti Norfolk ti ń kọ ọjọ́ tí alápàńdẹ̀dẹ̀ dé àti ọjọ́ tí igi rúwé. Nígbà tó kú ní 1797, àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe títí di 1958. Iṣẹ́ ńlá ni ìdílé yìí ṣe. Nígbà ayé Marsham, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ibi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ń wọ̀ sí lásìkò òtútù. Àwọn kan gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń sùn sí.

Ọ̀nà tí ìròyìn ẹyẹ ń gbà tàn ti yí padà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé oúnjẹ kékeré kan wà ní abúlé Cley ní Norfolk, Nancy's Cafe ni wọ́n ń pè é. Láti gbogbo Ìlú Ọba ni àwọn ènìyàn ti ń fóònù síbẹ̀ láti béèrè ẹyẹ tó dé. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù ló ń gbé e, ìbáà máa jẹun lọ́wọ́. Á ka ohun tó wà nínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó pè, á sì kọ ìròyìn tuntun tí ẹni náà bá ní sínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé oúnjẹ náà tì, ẹ̀rọ pager dé, fóònù alágbèéká sì gba ipò rẹ̀. Lónìí, àjọ British Trust for Ornithology, tí wọ́n ń pè ní BTO, wà lára àwọn tó ni BirdTrack, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ohun tó rí sínú àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìròyìn tó wúlò gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹyẹ, iye rẹ̀, ọjọ́ àti ibi. Ó sì dára kí ẹni tó rí i lè sọ bó ṣe dá a mọ̀, nítorí pé àwọn ẹyẹ kan jọra púpọ̀. Ọ̀fun alápàńdẹ̀dẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ aró tó ń dán, ìrù rẹ̀ sì pín sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. House martin kò ní ọ̀fun pupa, ṣùgbọ́n òkè ìdí rẹ̀ funfun. Swift ní tirẹ̀ dúdú láti orí dé ìrù, àfi ọ̀fun rẹ̀ tó mọ́ díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ bíi dòjé. Ẹni tó bá wo àmì wọ̀nyí dáadáa kò ní ṣì wọ́n mú.

Bí ẹyẹ bá ṣọ̀wọ́n, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959 ló ń yẹ ìròyìn rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Ìdí wà fún irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ àjèjì ni wọ́n pa ní àyíká Hastings. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò ní 1962, wọ́n rí i pé kò ṣeé gbà gbọ́, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ nù. Irọ́ inú ìwé a máa ba iṣẹ́ àwọn olóòótọ́ jẹ́.

Ohun kan wà tí wọn kì í kéde, ìyẹn ni ìtẹ́ ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ṣì ń jí ẹyin kó, èrò púpọ̀ sì lè lé ìyá kúrò lórí ẹyin. Òfin 1981 fi ìyà lélẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dà wọ́n láàmú nídìí ìtẹ́ wọn. Níbí yìí, dídákẹ́ dára ju sísọ lọ.

Èrè iṣẹ́ kíkọ ìròyìn ẹyẹ sílẹ̀ kò kéré. Ní oṣù Karùn-ún 1911, ọkùnrin kan ní Staffordshire fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan. Ní oṣù Kejìlá 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal ní South Africa. Bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rí pé South Africa ni alápàńdẹ̀dẹ̀ Ìlú Ọba ń lọ nìyẹn. Àkọsílẹ̀ àwọn ará àdúgbò ló sì jẹ́ kó hàn pé alápàńdẹ̀dẹ̀ ń tètè dé ju ti àwọn ọdún 1960 lọ, nítorí pé ayé ń móoru sí i. Láti 2011 ni BTO ti ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ cuckoo lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé igbó Kóńgò ni wọ́n ń lọ, àti pé kí wọ́n tó padà sórí Sàhárà, wọ́n máa ń yà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti jẹun yó nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá mú kòkòrò jáde. Òjò tó ń rọ̀ ní ẹkùn wa wà lára ohun tó ń gbé ẹyẹ tí wọ́n ń retí ní Norfolk dé ibẹ̀.

Nàìjíríà náà ń gba àlejò yìí. Ní òkè Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti rí tí wọ́n jọ ń sùn nínú koríko gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ níhìn-ín ní láti ṣọ́ra, torí pé irú alápàńdẹ̀dẹ̀ mìíràn wà tó ń kọ́ ilé rẹ̀ sára ilé àti abẹ́ afárá wa, tí kì í lọ sí Yúróòpù. Láti 2015 ni iṣẹ́ àkójọ ẹyẹ gbogbo Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project, ti ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ káàkiri ìpínlẹ̀. Kí ẹni tó bá rí wọn tí wọ́n tò sórí wáyà iná ní oṣù Kẹta kọ ọjọ́, ibi àti iye wọn sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́.