Ilé iṣẹ́ ló ni ẹjọ́, kì í ṣe ìwọ

Mò ń di bisikíìtì sí páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì. Ilé iṣẹ́ adìẹ kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti gbà mí síṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ní àwọn ò gbà. Ẹni tó ń bá mi ṣe é ní Allen ní kí n mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá, òun á bá mi pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ kàn mí. Ṣé kí n kó o fún un?
Òṣìṣẹ́, Àgídìngbì

Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan àjọ yẹn. Mú ìwé tí wọ́n fi dáhùn, kí o wo òkè rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ adìẹ ló wà níbi ẹni tó bẹ̀bẹ̀. Tìrẹ wà níbi ẹni tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Agbanisíṣẹ́ ló ni ìwé I-140 tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún ọ. Bí USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, bá kọ̀ ọ́, òun tàbí lọ́yà rẹ̀ ló lè fi fọ́ọ̀mù I-290B pẹjọ́ lọ́dọ̀ AAO, ọ́fíìsì USCIS tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó wà ní Àgídìngbì bíi tìrẹ kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹjọ́ náà. Wọn ò ní gbọ́ ọ.

Ọjọ́ 30 péré ni wọ́n fún ilé iṣẹ́ náà láti pẹjọ́. Ó di 33 bó bá jẹ́ pé ìfìwéránṣẹ́ ni ìdáhùn gbà dé.

Wo ìdí tí wọ́n fi kọ̀ pẹ̀lú. Owó oṣù wà lára ohun tó máa ń dá irú ìwé yìí dúró. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé bíi ti owó orí tàbí ìṣirò owó tí aṣàyẹ̀wò fọwọ́ sí hàn pé agbára òun ká owó tí òun ṣèlérí, láti ọjọ́ tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́. Ta ní Allen ló mọ ìwé owó orí ilé iṣẹ́ adìẹ ní Georgia? Láti 2007 ni òfin Amẹ́ríkà sì ti ní kí agbanisíṣẹ́ má gba owó ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó ń gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba yẹn, títí kan owó lọ́yà rẹ̀, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Bí ilé iṣẹ́ náà bá tiẹ̀ jàre, ìlà ṣì wà níwájú: físà irú iṣẹ́ yìí kò lè ju 10,000 lọ lọ́dún fún gbogbo ayé.

Kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ, má gba ọwọ́ alágbàtà. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ ìdáhùn, ìdí tí wọ́n fi kọ̀, àti bóyá lọ́yà wọn ti fi I-290B ránṣẹ́. Bí wọn ò bá pẹjọ́, kò sí ẹjọ́ kankan ní Allen.