Má Tíì Kọ Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òṣèré lónìí ló fẹ́ ròde láìní ẹ̀ṣọ́ kankan nílé. Wọ́n á kọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á yáwó ra aṣọ, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé àwọn tó ń ya fíìmù ní Súrùlérè, bẹ́ẹ̀ àdúgbò tiwọn gan-an kò tíì rí eré wọn rí. Ẹ jẹ́ ká wo bí Hubert Ògúńdé, àgbà eléré orí ìtàgé, ṣe ṣe tirẹ̀, nítorí Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni, ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ó ṣe tíṣà kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló sì gbé e dé Èbúté Mẹ́ta. Ìjọ Aládúrà tó ń lọ níbẹ̀, Church of the Lord, ń wá owó ilé ìjọsìn, ni wọ́n bá ní kó kọ eré orin fún àwọn. Ó kọ ìtàn Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1944. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà kì í kúrò lójú kan bí wọ́n bá ń kọrin. Ògúńdé ní kí tirẹ̀ rìn, kí wọ́n jó, kí wọ́n fi ara sọ ìtàn. Inú èrò dùn sí i.

Wò ó dáadáa: owó oṣù ọlọ́pàá ṣì ń wọlé ní gbogbo àkókò yìí. Ó ti rí i pé àwọn èèyàn ń sanwó wòran kó tó bọ́ aṣọ ìjọba. Ọdún 1945 ló dá African Music Research Party sílẹ̀, tó sọ eré di iṣẹ́ àṣejẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òbí wo ló máa fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa bá eléré kiri láyé ìgbà yẹn? Nígbà tí Ògúńdé polówó pé òun ń wá òṣèrébìnrin, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ìgbà tó yí i padà sí akọ̀wé obìnrin ni wọ́n tó wá. Nígbẹ̀yìn, ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níyàwó, ẹgbẹ́ náà kò sì tú. N kò ní kó o fẹ́ ẹgbẹ́ rẹ níyàwó o. San owó wọn lásìkò. Ẹni tí o jẹ lówó lánàá kò ní wá síbi ìdánrawò lọ́la.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní 1964, eré rẹ̀ Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ Ògúńdé pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè wọn mọ́. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni òfin náà tó kúrò. Ká ní ibẹ̀ nìkan ló ti ní oníbàárà, ebi ì bá pa ẹgbẹ́ náà túká. Ó tún ti lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979. Nítorí náà, bí o bá mọ eré orí ìtàgé, kọ́ eré rédíò, níbi tí ohùn nìkan ti ń ṣe iṣẹ́ ojú àti ọwọ́. Kọ́ eré tí a ń fi fóònù yà pẹ̀lú.

Kó o tó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ, ṣe eré mẹ́ta ládùúgbò. Gba owó lẹ́nu ọ̀nà. San ti gbọ̀ngàn, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti gbogbo ẹni tó ṣeré, kó o wá ka ohun tó ṣẹ́kù. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹ́kù, padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó o sì máa kọ eré mìíràn lálẹ́.