Kò Tàn, Kò Jí, Kò Wọlé

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, n'Ìkẹjà, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó, kọ̀ǹpútà mi ti kú." Gbólóhùn náà kò ní àbùkù. Yorùbá kò fi ikú mọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mìí: iná a máa kú, aago a máa kú, ojú ọ̀bẹ a máa kú, ọjà pàápàá a máa kú bí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó kú nìyẹn. Àmọ́ kí ni Ẹnjiníà máa fi "ó ti kú" ṣe? Pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ geere títí ẹni tó ni ín fi wọ inú BIOS, ìyẹn apá tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, tó yí nǹkan kan padà níbẹ̀, tó wá tàn án lẹ́yìn náà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ibì kan ló ti há sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a óò fi sọ ibi tó há sí wà nínú èdè wa, kò sì yẹ ká máa fi ikú bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni tàn. "Kò tàn" ni pé ẹ tẹ bọ́tìnì, iná kankan kò yọ, fáànù kò yí. Wáyà, ṣájà tàbí páwà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ètò inú BIOS kì í sábà lọ́wọ́ nínú èyí. Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀ o. Ìsàlẹ̀ ni ohùn náà wà bí kò bá sí àbọ̀: kọ̀ǹpútà tàn. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, á gòkè sí àárín: tan kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣe arọ́pò-orúkọ ni, á padà sísàlẹ̀: tàn án. Ẹni tó bá kọ "kò tán" ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà ti sọ fún un pé nǹkan kan ṣẹ́ kù.

"Ó tàn, ṣùgbọ́n kò jí" yàtọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó wá Windows lọ rárá, á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò: ṣé RAM wà níbẹ̀, ṣé ohun tó ń gbé àwòrán jáde dáhùn? POST ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yìí. Bó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, fáànù á máa yí, iná á wà lára bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ á ṣú dùdù. Òmíràn á máa ké pí-pí. Àwọn tó tan XMP kí RAM wọn lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló sábà ń bá èyí pàdé. Bọ́ọ̀dù mìíràn á gbìyànjú díẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ dá eré náà padà, nítorí náà ẹ ṣe sùúrù kẹ́ ẹ tó tú u.

Tú ni mo sọ o, n kò sọ pé ṣí. Ẹni tó ṣí laptop gbé ojú rẹ̀ sókè ni. Ẹni tó tú u ti mú ìṣó kúrò.

Wọlé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nígbà tí Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Microsoft ní kọ̀ǹpútà tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, àti UEFI tó lè ṣe Secure Boot. UEFI ni àrólé BIOS àtijọ́, tí gbogbo ayé ṣì ń fi orúkọ bàbá pè. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe wọ inú ètò lọ nìyẹn, tí wọ́n pa CSM, ìyẹn apá tó ń jẹ́ kí UEFI ṣe bíi BIOS àtijọ́, kí Secure Boot lè ṣiṣẹ́. Wọn kò mọ̀ pé MBR, ìlànà àtijọ́, ni wọ́n fi pín háàdì wọn nígbà tí wọ́n gbé Windows sí i, bẹ́ẹ̀ GPT ni UEFI ń wá kó tó gbé Windows dìde. Ẹ̀rọ tàn, ó jí, ó ní òun kò rí ibi tí òun máa wọ̀. Fáìlì kan kò sọnù nínú rẹ̀. Ẹ tan CSM padà, ẹ wọ Windows, ẹ ṣe àdàkọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lo MBR2GPT, tó ti wà nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1703 ti ọdún 2017. Ìgbà yẹn ló tó kan pípa CSM.

Ti ẹlòmíràn ni pé ó yí ọ̀nà SATA, tí bọ́ọ̀dù ń gbà bá háàdì sọ̀rọ̀, kúrò lórí RAID sí AHCI. Èyí kì í ṣe "kò wọlé" gan-an: ó ń wọlé, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ á di búlúù, á kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Díráífà tó mọ́ Windows lára nìkan ló máa ń gbé dání bó bá ń dìde. Bẹ́ ẹ bá ti yí ọ̀nà padà, kò ní lè dé ibi tí háàdì wà. Ẹ dá a padà sí RAID, yóò wọlé. Bó bá jẹ́ AHCI lẹ ń fẹ́ lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún Windows pé inú Safe Mode ni kó gbà dìde, kẹ́ ẹ tó wá yí i. Á wá díráífà tuntun fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì yọ Safe Mode kúrò.

Ibi tí àwọn kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti sábà ń gba owó ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn rèé: Windows ni wọ́n á máa gbé sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Ẹnjiníà wo ìsàlẹ̀, ẹ má sọ pé "mo pààrọ̀ BIOS". Pààrọ̀ ni pé ẹ mú ọ̀kan kúrò, ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀, bí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Á rò pé ẹnì kan ti jó ohun kékeré tó gbé BIOS kúrò lára bọ́ọ̀dù. "Mo yí ètò inú BIOS padà" lọ̀rọ̀ yín. Bó bá sì ṣe pé ẹ̀dà tuntun lẹ gbé sí i, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá orúkọ fún gbogbo igun kọ̀ǹpútà lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pe bọ́ọ̀dù ní "pátákó ìyá" n'Ìkẹjà, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi mí rín. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ń jà fún.

"Dá a padà" náà ń fẹ́ àlàyé. Dá a padà sí bó ṣe wà lánàá, tàbí sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ dé? Wọn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tí agbára rẹ̀ jẹ́ vólìtì 3 ló ń bá ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù rántí aago àti ètò. Bó bá tán, iyè ẹ̀rọ á ra, ètò á padà sí ti ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á sì kọ̀ láti wọlé. Ẹ wo aago rẹ̀: bó bá ń ka ọdún tó ti kọjá, ẹ pààrọ̀ bátìrì, kẹ́ ẹ tún ètò náà tò. Pààrọ̀ bá a mu níbẹ̀ yẹn.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti ẹ̀rọ tí BitLocker, tó ń ti háàdì pa, wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan Secure Boot tàbí TPM, ó lè dìde kó sì máa bèèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹ má pè é ní "kò wọlé". Ẹ ní "ó ń bèèrè kọ́kọ́rọ́". Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín lórí fóònù bẹ́ ẹ bá ń darí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ náà. "Ẹ pa á" ni pé kí wọ́n mú iná rẹ̀ kúrò. "Ẹ pa á rẹ́" ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé owó ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n padà sínú BIOS, kí wọ́n dá ohun tẹ́ ẹ yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní bèèrè mọ́. Bó bá ṣì ń bèèrè, ẹ wo inú àkáǹtì Microsoft yín. Ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀.